Òfin ilé kíkọ́ láti dín kábọ́ọ̀nù kù: ṣé ilé tuntun ni ká dojú kọ ni àbí èyí tó ti wà nílẹ̀?

Adéwùmí_K

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ló ń rú mi lójú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìkọ́lé pọ̀ níbí, ẹ bá mi dá sí i.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ kékeré kan tó fẹ́ kọ̀wé ìmọ̀ràn sí ìjọba ìlú, lórí bí wọ́n ṣe lè fi òfin ilé kíkọ́ dín kábọ́ọ̀nù kù, ìyẹn gáàsì tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Ohun tí mo ti kà ni pé ilé tá à ń gbé, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ ìkọ́lé fúnra ẹ̀, tá a bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, òun ló ń tú nǹkan bíi 37% jáde nínú kábọ́ọ̀nù tó ń wá látara iná àti iṣẹ́ àwọn fákítìrì lágbàáyé. Ìyẹn ju ti mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ mọ́tò la máa ń pariwo lé lórí ṣáá.

Àmọ́ tí mo bá wo òfin tí ọ̀pọ̀ ìlú ń ṣe, ilé tí wọn ò tíì kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Kí ògiri ẹ̀ nípọn tó báyìí, kí fèrèsé ẹ̀ jẹ́ onígíláàsì méjì, kí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé, kí wọ́n má fa gáàsì wọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ilé tí ìlú kan ń kọ́ láàárín ọdún kan, kí ló jẹ́ níwájú àìmọye ilé tó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́? Àwọn yẹn ń jẹ iná lọ ní tiwọn, òfin tuntun ò kàn wọ́n rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ wa wá ní ọ̀rọ̀ yẹn ò le, ó ní kí ìlú kàn fọwọ́ sí i kí wọ́n máa wó àwọn ilé àtijọ́ tó ń jẹ iná yẹn, kí wọ́n fi tuntun tó bófin mu rọ́pò wọn. Gbogbo èèyàn ń mi orí. Èmi nìkan ni ò mi tèmi, ara mi ò kàn gbà á, mi ò sì lè ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Ẹ là mí lóye. Tó bá jẹ́ ẹyọ òfin kan ṣoṣo lẹ lè ní kí ìlú ṣe, èwo lẹ máa mú? Ẹ má wulẹ̀ kó gírámà bò mí o, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ṣe é rí hàn mí.

---

Ẹnjiníà_Láńre

Ìbéèrè gidi lẹ bi. Iṣẹ́ AC, páìpù omi àti iná inú ilé ni mò ń ṣe, ojú yẹn ni mo fi ń wò ó, àwọn onísìmẹ́ńtì á wá sọ tiwọn.

Ẹ kọ́kọ́ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òfin ilé tuntun ò wúlò. Ilé tí wọ́n bá kọ́ lọ́dún yìí á ṣì wà nídùúró ní 2075, tí wọ́n bá kọ́ ọ wúruwùru, àwọn ọmọ ọmọ yín ló máa san bíìlì ẹ̀. Brussels fi dandan lé e láti 2015 pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ sún mọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní passive house, ìyẹn ilé tí ara ẹ̀ dí pinpin débi pé kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò iná kó tó móoru nígbà òtútù. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mi ò sì ní í fojú kéré ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí ìwé ni ọ̀pọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Wọ́n á yàwòrán, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye iná tí ilé náà máa jẹ, ìjọba á fi òǹtẹ̀ lù ú, ó tán. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn á wá kó sínú ẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ilé á fi AC sílẹ̀ tọ̀sán tòru, fíltà á ti dí, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa paná fúnra ẹ̀ nígbà tí èèyàn ò bá sí ní yàrá, ẹnì kan ti fa wáyà ẹ̀ yọ torí pé ó ń pa á lórí. Mo ti wọ ilé tí sátífíkéètì wà lára ògiri ní ẹnu ọ̀nà, tí yàrá ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ sì ń gbóná bí ààrò. Iná tí ilé bẹ́ẹ̀ ń jẹ gan-an lè fi púpọ̀ ju ohun tó wà lórí ìwé lọ, kò sì sẹ́ni tó máa padà wá wò ó.

Torí náà, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, èmi á mú òfin tó ń wo mítà. New York ṣe é ní 2019, Local Law 97 ni wọ́n ń pè é. Ilé tó bá ti ju 25,000 skúẹ́à fíìtì lọ, àtijọ́ o tuntun o, wọ́n ti fi ààlà sí iye kábọ́ọ̀nù tó lè tú jáde lọ́dún. Ààlà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ti 2030 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọjá ẹ̀, 268 dọ́là ni ìtanràn lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ọdọọdún sì ni o. Wọn ò ní kó o ra irú ẹ̀rọ báyìí, wọn ò ní kó o lẹ nǹkan mọ́ ògiri, ọ̀nà tó bá wù ẹ́ ni kó o gbà, ṣá jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wálẹ̀.

Tokyo sì ti ṣe é ṣáájú wọn, láti 2010. Àwọn ọ́fíìsì ńláńlá, hòtẹ́ẹ̀lì, fákítìrì, gbogbo ibi tí iná tí wọ́n ń jẹ ti kọjá ìwọ̀n kan, wọ́n sọ iye tí kálukú gbọ́dọ̀ dín kù, ẹni tó bá sì dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ta èyí tó lé fún ẹni tí kò rí i dín. Nígbà tí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ fi máa pé, wọ́n ti dín in kù ní nǹkan bíi 25% sí iye tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ká má purọ́ o, ìmìtìtì ilẹ̀ 2011 wà lára ohun tó fà á, torí gbogbo Japan ló ń ṣọ́ iná lò lásìkò yẹn. Ohun tó wú mi lórí ni pé nígbà tí wàhálà iná rọlẹ̀ tán, àwọn ilé yẹn ò padà sí bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀.

---

Ìyá_Tòlú_QS

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ mítà yẹn yé mi. Àmọ́ èmi àgbà tó ní kí wọ́n máa wólé yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Adéwùmí, ọmọ mi, ara ẹ ò gbà á torí pé kò ṣeé gbà ni.

Mítà máa ń rí iná tí wọ́n ń lò nínú ilé, kì í rí èyí tí wọ́n ti sun kí ilé yẹn tó dúró. Ẹ jẹ́ ká mú sìmẹ́ńtì. Òkúta ẹfun ni wọ́n máa ń kó sínú iná tó gbóná tó nǹkan bíi 1,450 dígíìrì, òkúta náà á yípadà, kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀ á sì bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ gbọ́ dáadáa o, kì í ṣe èéfín iná tí wọ́n fi sun ún ni mò ń wí, inú òkúta yẹn gan-an ló ti ń jáde, òun ló sì kó ju ìdajì lọ nínú kábọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́ ẹ fi sólà dáná fún un, á ṣì jáde. Sìmẹ́ńtì nìkan ló ni nǹkan bíi 7 sí 8% nínú kábọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú, ẹ ò tíì ka irin mọ́ ọn, ẹ ò tíì ka gíláàsì àti alumíníọ̀mù.

Ilé àtijọ́ tó dúró yẹn, kábọ́ọ̀nù tiẹ̀ ti jáde tipẹ́, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Tẹ́ ẹ bá wá wó o, ẹ kó gíláàsì àti irin ẹ̀ dànù, ẹ tún tuntun kọ́, gbèsè tuntun lẹ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ẹ wá ń retí pé iná tí ilé tuntun ò jẹ á máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó lè gbà tó ogún ọdún, ó lè gbà tó ọgbọ̀n, ìgbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ìsinsìnyí sí 2050 yìí gan-an la nílò kí kábọ́ọ̀nù wálẹ̀. Ẹni tó bá ní ká wólé nítorí kábọ́ọ̀nù, kó kọ́kọ́ mú ìṣirò wá, kó ṣe é tán lójú wa, kí ó tó fọwọ́ kan ògiri kankan.

Láti 2021 ni London ti fi í sínú pílánì ìlú wọn pé iṣẹ́ ìkọ́lé tó bá tóbi débi tó fi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Mayor, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò gbogbo kábọ́ọ̀nù ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wa òkúta títí dọjọ́ tí wọ́n máa wó o. Ó dáa. Ìjà wá ṣẹlẹ̀ lórí ilé ìtajà Marks & Spencer tó wà ní Oxford Street, wọ́n fẹ́ wó o kí wọ́n tún un kọ́, Michael Gove tó jẹ́ mínísítà nígbà yẹn kọ̀ fún wọn ní 2023, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ fagi lé ìpinnu ẹ̀ ní 2024, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún yẹn ìjọba tó gbapò lọ́wọ́ wọn ní kí wọ́n máa wó o lọ. Bí mo ṣe rí i nìyí: òfin yẹn ní kí wọ́n kà á, kò sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá ní lọ́yà tó gbọ́n á wá ọ̀nà gbà kọjá.

Denmark ló ṣe é bó ṣe yẹ. Láti 2023, ilé tuntun tó bá ju 1,000 skúẹ́à mítà lọ ò gbọ́dọ̀ kọjá kílò 12 kábọ́ọ̀nù lórí skúẹ́à mítà kan lọ́dún, wọ́n á ṣírò ohun èlò àti iná pọ̀, wọ́n á pín in sí àádọ́ta ọdún. Ní 2025 wọ́n tún fún ún pọ̀ sí i, wọ́n sì mú àwọn ilé kéékèèké mọ́ ọn. Faransé náà ní tiẹ̀ láti 2022, RE2020. Tí ààlà bá ti wà báyìí, ẹni tó ń yàwòrán á fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ pé ṣé òpó yìí ní láti nípọn tó báyìí ṣá, ṣé mi ò lè lo pákó níbí, ṣé a ò lè lo férémù ilé àtijọ́ tó wà nílẹ̀. Èmi tí mò ń ka iye kọnkéré lójoojúmọ́, mo lè sọ fún yín pé kọnkéré tí wọ́n ń dà ṣòfò nítorí pé ẹnjiníà ń bẹ̀rù pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Fún àgbà yín yẹn, ẹ fi ti Bordeaux ní Faransé hàn án. Ilé alájà gíga mẹ́ta tó wà ní Grand Parc, ilé ìgbà 1960s, 530 ìdílé ló ń gbé inú ẹ̀. Dípò kí wọ́n wó o, Lacaton àti Vassal, àwọn ayàwòrán ilé, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣe é kọ́ balikóní ńlá onígíláàsì mọ́ ọn láti ìta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta tó mítà mẹ́rin, yàrá fẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ wọlé, iná tí wọ́n fi ń mú ilé móoru dínkù, àwọn èèyàn sì wà nínú ilé wọn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Àwọn méjèèjì gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé, ní 2021, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ìlànà iṣẹ́ wọn pé àwọn kì í wó ilé.

---

Ayálégbé_Kan

Gbogbo ẹ̀ dùn létí jàre. Ta ló ń sanwó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ló máa tún ilé ṣe, èmi ayálégbé ni mò ń san bíìlì iná, èrè ẹ̀ ò kan lánlọ́ọ̀dù, kí ló fẹ́ fi ṣe? Tí ìjọba bá wá fipá mú un, á ṣe é, á sì kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí n kó jáde torí iṣẹ́ ń bọ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, owó ilé ti lé, ẹni tó lówó jù mí lọ ló máa wọlé. Èmi á wá lọ gbé ní ìpẹ̀kun ìlú, mò ń wọ mọ́tò wákàtí méjì wá síbi iṣẹ́. Kábọ́ọ̀nù ilé wálẹ̀, ti mọ́tò gòkè, wọ́n á sì gbé fọ́tò sínú ìwé ìròyìn pé ìlú ti ń ṣe dáadáa.

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é o. Mo ní ẹni tó bá kọ òfin láìkọ ti ayálégbé sínú ẹ̀, ó ń fapẹ̀rẹ̀ pọnmi ni.

Àti pé ẹ má gbàgbé Berkeley. 2019 ni wọ́n ṣòfin pé ilé tuntun ò gbọ́dọ̀ fa gáàsì mọ́, àwọn ni ìlú àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onílé oúnjẹ ní California pè wọ́n lẹ́jọ́, 2023 kóòtù ní òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń lo iná àti gáàsì ti borí tiyín, 2024 wọ́n palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ìlú ò lágbára lórí gbogbo nǹkan.

---

Ẹnjiníà_Láńre

@Ayálégbé_Kan, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní jiyàn.

New York gan-an rí i. Àwọn ilé tí ìjọba ń darí owó ilé wọn, tí mẹ̀kúnnù pọ̀ níbẹ̀, wọn ò kàn sọ pé kí wọ́n bọ́ sábẹ́ ààlà bíi ti gbogbo èèyàn, wọ́n ṣí ọ̀nà míì fún wọn: kí wọ́n ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan tí wọ́n tò sílẹ̀. Kí wọ́n fi nǹkan wé páìpù omi gbóná, kí wọ́n tún ẹ̀rọ tó ń darí ooru ṣe, kí wọ́n dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù. Kò sí èyí tó máa mú kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni jáde níbẹ̀. Lójú tèmi tí mo máa ń wọ àjà ilẹ̀ àwọn ilé àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni ooru ń gbà lọ, páìpù ìhòòhò tó ń mú àjà ilẹ̀ gbóná níbi tí ẹnì kankan ò gbé.

Ní England àti Wales, láti 2018, lánlọ́ọ̀dù ò lè fi ilé tí máàkì iná ẹ̀ bá jẹ́ F tàbí G gba ayálégbé tuntun (A ló dáa jù, G ló burú jù). Àmọ́ wọ́n fi ibi tí owó ẹ̀ á dé sí i, lánlọ́ọ̀dù ò ní láti ná ju 3,500 pọ́n-ùn lọ, tí kò bá tó, ó lè lọ gba ìyọ̀ǹda. Àwọn kan ní owó yẹn kéré jù, ó kéré lóòótọ́, àtúnṣe gidi ò ṣeé fi ṣe. Netherlands ò tiẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni ní tiwọn: láti oṣù Kìíní 2023, ọ́fíìsì tó bá ju 100 skúẹ́à mítà lọ tí kò bá ní máàkì C, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́fíìsì mọ́. Wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí kálukú lè múra. Irú òfin báyìí rọrùn fún ọ́fíìsì torí kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀, ẹ ò lè fọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú ilé gbígbé.

---

Adéwùmí_K

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín. Mà, mo ti da ti Bordeaux yẹn kọ, mo fẹ́ wo bójú bàbá yẹn á ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n Láńre, ìbéèrè kan ṣì kù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ mú wá, ìlú olótùútù ni. Ìlú tó jẹ́ pé ooru ló ń bá a jà ńkọ́, tó jẹ́ AC ni gbogbo iná ń bá lọ? Ṣé kí wọ́n ṣáà máa da òfin ìlú olótùútù kọ?

---

Ẹnjiníà_Láńre

Rárá o, wọn ò gbọ́dọ̀ dà á kọ. Òfin tó ní kí ògiri nípọn kí ooru má bàa jáde, ìṣòro òtútù ló ń yanjú. Níbi tí oòrùn bá ti mú, oòrùn ló yẹ kí òfin kọ́kọ́ dá dúró níta. Gíláàsì ló ń pa wọ́n. Wọ́n á kọ́ ilé onígíláàsì látòkè délẹ̀, kò sí àtíbàbà, kò sí ohunkóhun tó ṣíji bo fèrèsé, oòrùn á wọlé tán wọ́n á wá ra AC tó máa lé e jáde. Ìlú lè fi òfin sọ iye ògiri tó lè jẹ́ gíláàsì, kí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ní nǹkan tó ṣíji bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Òrùlé funfun náà ò wọ́n, ó ń dá oòrùn padà, Ahmedabad ní India wà lára ìlú tó ti fi kún ètò tí wọ́n fi ń gbógun ti ooru, New York náà ń kun òrùlé ní funfun láti 2009. Láti 2008, Singapore ò jẹ́ kí ilé tuntun ńlá lọ láìjẹ́ pé ó pójú ìwọ̀n Green Mark, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fún ilé tí kì í fi iná ṣòfò, ìlú olóoru sì ni wọ́n.

Ẹ wá fi èyí sí i, torí àwọn èèyàn kì í ránti ẹ̀: gáàsì inú AC. Kò tiẹ̀ kan iná tó ń jẹ. R-410A tó wà nínú ọ̀pọ̀ AC, tí kílò kan ẹ̀ bá jò sínú afẹ́fẹ́, bíi kílò 2,000 kábọ́ọ̀nù ló jẹ́. R-32 jẹ́ 675, R-290 tó jẹ́ pròpéènì ò tó márùn-ún. Àdéhùn Kigali tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ní 2016 ń dín àwọn gáàsì tó burú yìí kù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìjọba ìlú ló lè sọ pé ẹni tó bá wólé tàbí tó yọ AC gbọ́dọ̀ fa gáàsì ẹ̀ sínú sílíńdà, kó má kàn gé páìpù kó tú u sáfẹ́fẹ́. Wọ́n ń gé e lójoojúmọ́ o. Mo ti rí i títí ojú mi ti kú sí i.

---

Délé_Plánà

Ẹ jẹ́ kí n ti tèmi bọ̀ ọ́, mi ò ní pẹ́.

Ẹ ti ń sọ ti ilé, ẹ ò sọ ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ilé tó dára jù lọ láyé tí wọ́n bá lọ kọ́ ọ sínú igbó níbi tí bọ́ọ̀sì ò dé, mọ́tò ló máa jẹ èrè ẹ̀ tán. Òfin tí mo máa kọ́kọ́ parẹ́ ni èyí tó ń fi dandan lé iye ibi ìpáàkì mọ́tò tí ilé gbọ́dọ̀ ní. Tí ilẹ̀ bá há, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, kọnkéré tí Ìyá Tòlú ń sunkún lé lórí yẹn ló sì kún ibẹ̀. Buffalo ní Amẹ́ríkà yọ dandan yẹn kúrò káàkiri ìlú ní 2017, Mexico City ní ọdún kan náà yí i padà pátápátá, dípò iye tó kéré jù tó o gbọ́dọ̀ ní, ó di iye tí o ò gbọ́dọ̀ kọjá. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, wọ́n kàn pa gbólóhùn rẹ́ nínú ìwé òfin ni.

Òmíràn tí ilé kọ̀ọ̀kan ò lè dá ṣe àmọ́ tí ìlú lè ṣe: ti Copenhagen ní Denmark. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé ibẹ̀ ló ń gba ooru látinú páìpù omi gbígbóná kan náà tó lọ káàkiri ìlú, ẹnì kankan ò ní láti ní ẹ̀rọ tiẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń dáná ní orísun, gbogbo ilé ló yípadà lọ́jọ́ kan náà, ilé àtijọ́ ilé tuntun.

---

Kúnlé_Bíríkìlà

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa tá à ń to bíríkì ńkọ́? Ẹ ṣòfin, ẹ ò kọ́ wa bá a ṣe máa ṣe é. Wọ́n gbé rọ́bà tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé wá sí sáìtì, kò sẹ́ni tó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́, a kàn fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ni, ihò ìṣó kún ara ẹ̀.

---

Ìyá_Tòlú_QS

😂😂 Kúnlé, o pa mí. Ṣùgbọ́n Adéwùmí, kọ ọ̀rọ̀ Kúnlé yẹn sílẹ̀ kó o fi ìlà sí abẹ́ ẹ̀. Owó tí ìlú bá fẹ́ ná lórí òfin yìí, kí ìdá kan níbẹ̀ lọ sórí kíkọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí ìdá kan lọ sórí àwọn tó máa lọ ṣàyẹ̀wò ní sáìtì nígbà tí ògiri ṣì ṣí sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, ta ló fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?

---

Adéwùmí_K

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí mo ṣe fẹ́ tò ó nìyí, ẹ bá mi wò ó: kò sí wíwólé láìṣe ìṣirò kábọ́ọ̀nù, ààlà fún ohun èlò ilé tuntun, ààlà lórí mítà fún àwọn ilé ńlá tó ti wà, kí ti ayálégbé wà nínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀, kí dandan ìpáàkì lọ. Ó ku ibì kan tó ń kọ mí lóminú. Ìlú wa ò ní àkọsílẹ̀ kankan nípa iye iná tí ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ààlà tá a fẹ́ fi sí i yẹn, orí kí la fẹ́ gbé e lé?

---

Ẹnjiníà_Láńre

Ẹ ò ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí ààlà. New York ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. 2009 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣòfin, Local Law 84, pé kí àwọn ilé ńlá máa fi iye iná àti omi tí wọ́n lò lọ́dún ránṣẹ́ sí ìjọba, kí gbogbo èèyàn sì lè rí i. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni ààlà tó dé. Láti 2020 ilé ńlá tún gbọ́dọ̀ lẹ máàkì ẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, A, B, C, D, kí ẹni tó fẹ́ gbalé rí i kó tó wọlé. Australia náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ọ́fíìsì ńlá tàbí tó fẹ́ fi í háyà gbọ́dọ̀ sọ iye ìràwọ̀ tí NABERS fún un, NABERS sì rèé, bíìlì oṣù méjìlá gan-an ni wọ́n ń wò, wọn ò wo pílánì.

Torí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ní ọdún àkọ́kọ́, ilé ìjọba ìlú fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: sẹkitéríàtì, ilé ìwé, ọsibítù, ilé ìkàwé. Bíìlì wọn wà lọ́wọ́ akáwó ìlú, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ ní kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ síta, iye iná lórí skúẹ́à mítà kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kálukú. Tí àwọn onílé aládàáni bá wá ń ráhùn nígbà tó bá kàn wọ́n ní ọdún kejì, ìjọba á ti ní nǹkan tó máa fi hàn wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti rí bíìlì ọ̀hún gbà, ẹ gbé e wá síbí, mo máa bá yín wò ó.